Ẹ Má Tíì Gbé Mọ́tò Yẹn Lọ Sọ́dọ̀ Pẹ́ńtà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn pẹ́ńtà wa nínú, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ kò yẹ kó débẹ̀ rárá. Dáńfó fẹ̀gbẹ́ ha yín lára nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Òjòtá, ìlà yẹ́lò gbọọrọ wà lára ilẹ̀kùn, inú yín bàjẹ́, ọ̀rẹ́ yín kan wá ní, "Ah, ó ti bàjẹ́ nìyẹn o, àfi kó o gbé e lọ kùn." Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi sánpépà ha gbogbo ilẹ̀kùn náà, wọ́n ti fi pọ́tì dí i, wọ́n sì ti fẹ́ ọ̀dà tuntun lé e lórí. Owó ti lọ. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ọ̀dà tó dára jù lọ tí mọ́tò yẹn máa ní láyé rẹ̀ ti bá owó náà lọ, nítorí nǹkan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ìdọ̀tí. Tí tíṣà bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára pátákó, ṣé pátákó ló fara pa ni? Ṣọ́ọ̀kì ló rọ̀ ju pátákó lọ, òun ló ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lára pátákó. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí mọ́tò méjì bá fara ha ara wọn. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ rọ̀ jù ló ń pàdánù. Bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn, ibi tí wọ́n ti fẹnu kò ń gbóná, ọ̀dà tó rọ̀ náà á tún rọ̀ sí i, á wá fara lẹ̀ mọ́ èyí tó le, bíi bọ́tà lára búrẹ́dì. Ọ̀pọ̀ dáńfó ni wọ́n fi ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kùn, òmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún, kò sì sí nǹkan kan tó bo ọ̀dà náà lórí. Nítorí náà, nígbà tí dáńfó bá gba ẹ̀gbẹ́ Corolla yín kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dáńfó ló fara pa, tiyín kàn gba àbààwọ́n ni. (Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ lọ bẹ dáńfó o.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára mọ́tò gan-an. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ìpele mẹ́rin ni, lórí ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣe ni wọ́n ri gbogbo bọ́dì mọ́tò náà bọ inú ọ̀dà olómi nínú àgbá ńlá, wọ́n wá gbé iná mànàmáná gba inú rẹ̀, kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ irin. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí irin má dógùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e ni práímà, tó máa ń ní àwọ̀ eérú lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ tí ẹ̀ ń rí, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ sílífà. Ẹ̀kẹrin ló wà lókè, kò ní àwọ̀ kankan, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Àwọn pẹ́ńtà wa ń pè é ní kílíà, ohun tí èmi náà á sì máa pè é nìyẹn.

Tí a bá kó gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ìnípọn wọn máa ń jẹ́ nǹkan bíi 100 sí 150 máíkírónì. Máíkírónì kan ni ohun tí ẹ máa rí tí ẹ bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000. Bébà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókópì nípọn tó bíi 100 máíkírónì. Ẹ wá wò ó, gbogbo ọ̀dà tó wà lára mọ́tò yín, bí bébà kan tàbí bébà kan àtààbọ̀ ni. Kílíà nìkan wà láàárín 35 sí 50, ìyẹn ni pé kò ju ìdajì bébà lọ. Ìdajì bébà yìí ló ń gba oòrùn, òjò àti ìgbẹ́ ẹyẹ sára fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ máa rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá na sánpépà sí mọ́tò yín.

Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe "báwo ló ṣe gùn tó?" Ìlà tó gùn tó mítà kan lè má jẹ́ nǹkan kan, ojú ibi tó bó bíntín sì lè di wàhálà lọ́la. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ó jìn dé ìpele wo?

Ọ̀nà méjì wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ da omi sí i. Tí ìlà funfun náà bá pòórá nígbà tó tutù, tó tún yọjú nígbà tó gbẹ, inú kílíà ló wà. Ìdí rẹ̀ rèé. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú kílíà kọjá, á lọ kan àwọ̀ tó wà lábẹ́, á sì padà wá sójú yín. Ṣùgbọ́n tí ojú kílíà bá ti họ, kò tẹ́jú mọ́. Etí kọ̀ọ̀kan lára ibi tó họ yẹn á máa ta ìmọ́lẹ̀ dànù sí ibi tó wù ú, ojú wa á sì rí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká náà bíi funfun. Bí yìnyín ṣe rí náà nìyẹn: tó bá dì gbọingbọin ó lè mọ́ gaara, tí ẹ bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ á di funfun, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni. Nígbà tí omi bá kún ibi tó họ, ó máa ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tó sún mọ́ ti kílíà ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe é lọ, ìdí nìyẹn tí ìlà náà fi ń sá pamọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, torí ẹnì kan wà lójú títì tó ń fi í tajà fún yín.

Ọ̀nà kejì ni èékánná. Ẹ fi èékánná yín gba orí ìlà náà kọjá jẹ́jẹ́, kí ẹ fi dábùú rẹ̀. Tó bá yọ̀ kọjá, tí kò há, ọ̀rọ̀ ilé ni. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ga sókè díẹ̀, bíi nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọ̀dà ẹlòmíì nìyẹn, ẹ yọ̀. Tó bá há sínú kòtò, tí ẹ sì rí àwọ̀ eérú tàbí irin tó ń dán, ó ti kọjá ohun tí ọwọ́ yín àti ràgì lè tún ṣe. Èmi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí lójú pópó. Ariwo la kọ́kọ́ ń pa. Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn á ṣe di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú lórí Third Mainland nítorí ohun tí kẹrosíìnì ṣíbí kan lè nù kúrò! Bẹ́ẹ̀, ọ̀ranyàn ni fún gbogbo mọ́tò ní Nàìjíríà láti ní insurance third party. Láti January 2023, 15,000 náírà ni ti mọ́tò àdáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún ohun ìní ẹlòmíì tí mọ́tò náà bá bà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ nínú ìjà? Ká tẹ̀ síwájú.

Kí ló dé tí a fi lè yọ ọ̀dà dáńfó kúrò láì yọ tiwa? Ibí ni sáyẹ́ǹsì ti dùn. Ọ̀dà méjì lè jọra lójú, kí ìwà wọn yàtọ̀ bí ẹ̀kọ ṣe yàtọ̀ sí àkàrà. Tí ẹ̀kọ bá ti dì, ẹ ṣáà lè tú u, kí ẹ fi omi gbígbóná pò ó, á tún padà di olómi. Àkàrà ńkọ́? Tó bá ti jáde nínú epo gbígbóná, kò sí omi tó lè sọ ọ́ di ẹ̀wà lílọ̀ mọ́. Ọ̀dà tí wọ́n kàn fẹ́ sára ọkọ̀ tó sì gbẹ fúnra rẹ̀, bí ẹ̀kọ ló rí. Àwọn mólékù inú rẹ̀ gùn bí òwú, wọ́n kàn sùn ti ara wọn ni, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ra. Tí tínà bá wọ àárín wọn, wọ́n á tú ká. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ilé iṣẹ́, wọ́n gbé e wọ ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 140 digíríì. Nínú ooru yẹn, àwọn òwú náà á so kókó mọ́ra wọn káàkiri bí àwọ̀n apẹja. Ẹ lè rẹ àwọ̀n sínú omi títí, á tutù, á wú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tú. Kẹ́míkà tó bá tú òwú dáńfó kò ní lè tú àwọ̀n Toyota, bí ẹ ò bá ti jẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹ rí i pé ààrò yìí gan-an ni ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ kò ṣeé dá padà. Kò sí pẹ́ńtà tó lè gbé mọ́tò odindi, pẹ̀lú táyà, wáyà, tìmùtìmù àti dáṣíbọ́ọ̀dù, sínú ooru 140 digíríì. Àwọn irin nìkan ni ilé iṣẹ́ ń gbé wọ ibẹ̀, kí wọ́n tó to nǹkan kan mọ́ ọn. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ máa ń lo ọ̀dà tó ní hádínà, tó ń fi kẹ́míkà so àwọn òwú náà dípò ooru, tó bá sì ṣe é dáadáa ó máa ń dára gan-an. Mi ò bá irú wọn jà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé abẹ́ igi lẹ́bàá títì, níbi tí eruku ti ń fẹ́, ni wọ́n ti ń kun púpọ̀ nínú mọ́tò wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é nílé, ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ ibòji, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Tí irin bá gbóná débi pé ọwọ́ yín ò lè gbà á, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi sí i á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí o. Eruku tó wà lára mọ́tò, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, iyanrìn sì le ju kílíà lọ fíìfíì. Ní àsìkò ọyẹ́, ọ̀pọ̀ eruku tó ń bo mọ́tò wa, láti àfonífojì Bodélé lọ́hùn-ún ní Chad ló ti ń fẹ́ wá. Ẹni tó bá fi ràgì gbígbẹ nu irú eruku bẹ́ẹ̀, sánpépà ló fi ń nu mọ́tò rẹ̀ yẹn. Àwọn ìlà róbótó-róbótó tín-ín-rín tí ẹ máa ń rí lára mọ́tò dúdú tí oòrùn bá tàn sí i, bí wọ́n ṣe débẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe dáńfó ló ṣe ìyẹn, àwa ni.

Tó bá ti mọ́, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tó rọ̀ jù. Ìlànà mi ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò lè pa nǹkan lára, ká tó gun òkè. Ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ tàbí spírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì sára aṣọ rírọ̀, kì í ṣe sára mọ́tò tààrà o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó pamọ́, bíi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nínú lọ́hùn-ún. Tí aṣọ yín bá gba àwọ̀ mọ́tò, ẹ dúró: wọ́n ti tún mọ́tò yẹn kùn rí, ọ̀dà tó rọ̀ ni wọ́n sì lò, ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àkàrà. Tí kò bá gba nǹkan kan, ẹ gbé aṣọ tó tutù náà lé ojú ibi tó lábààwọ́n fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá nù ún sí ọ̀nà kan, kí ẹ máa yí aṣọ sí ibi tó mọ́. Ẹ máa rí i tí yẹ́lò ń wá sára aṣọ. Ìgbádùn kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé. Ibi tó bá lẹ̀ gírígírí, ẹ fi omi ọṣẹ sí i, kí ẹ fi etí káàdì ATM tó ti kú tì í jẹ́jẹ́, pẹlẹbẹ. Ike káàdì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe réésà.

Tó bá ṣì kù, ásítóònì ló kàn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Òun lágbára gan-an. Orí òwú tí a fi ń nu etí ni kí ẹ ti lò ó, ibi tí yẹ́lò wà nìkan ni kí ẹ fi kàn, kí ẹ sì fi omi nù ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kò gbọdọ̀ kan bọ́ńpà, kò gbọdọ̀ kan iná mọ́tò; iná iwájú àti tẹ̀yìn, ike ni wọ́n, ásítóònì á sì sọ wọ́n di funfun bí ojú tó ní kùrukùru.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé epo bẹntiróòlù lẹ máa ń lò, ẹ̀yin ni mo bá wí báyìí. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo sì mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì ń fi fọ ọwọ́. Oru kẹrosíìnì kì í ṣeé dá iná sí láìjẹ́ pé ó gbóná tó bíi digíríì 38 sókè, ṣùgbọ́n oru bẹntiróòlù ń gbaná ní nǹkan bíi digíríì 40 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìyẹn ni pé kò sí ibì kankan nílẹ̀ Yorùbá, ní wákàtí kankan, tí bẹntiróòlù kò ti ń wá iná. Síná sìgá kan, tàbí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ti tó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bẹ́ńsíìnì wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣé nítorí ìlà yẹ́lò? Kẹrosíìnì náà, ibi tó ṣeé fọkàn tán ni kí ẹ ti rà á, torí àwọn kan ń fi bẹntiróòlù lú u, ìyẹn sì ti jó èèyàn nínú ilé. Spírítì àti ásítóònì náà ń tètè gbiná. Ìta gbangba ni gbogbo iṣẹ́ yìí, jìnnà sí iná, kí ẹ sì sá aṣọ tí ẹ lò síta kó gbẹ, kí ẹ má ká a jù sínú búútù.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọyín ńkọ́? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí. Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe idán. Ọṣẹ ìfọyín ní ẹfun tàbí sílíkà lúbúlúbú nínú, tí wọ́n ṣe láti fá ìdọ̀tí kúrò lára eyín láì fá eyín. Eyín sì le ju kílíà lọ. Nítorí náà ó máa fá kílíà díẹ̀, tó bá sì jẹ́ ìlà kékeré ní abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, níbi tí èékánná ti máa ń họ, ó lè tó. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún ọ̀dà, ó sì lè jẹ́ kí ibẹ̀ ṣú. Tí ẹ bá lówó rẹ̀, ẹ ra rọ́bìn kọ̀ǹpáùn tó dáa, èyí tó kúnná jù. Alúmínà lúbúlúbú ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gé etí kòtò náà bọ̀ wálẹ̀ títí ojú kílíà á fi tẹ́jú padà, tí ìmọ́lẹ̀ ò ní rí ibi tó máa ti fọ́n ká mọ́.

Ẹ rí i pé a kì í dí ibi tó họ. Ohun tó yí i ká là ń dín kù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi kọ̀ǹpáùn kùn ún, ẹ ń ná nínú ìdajì bébà yẹn. Ẹ lo díẹ̀, ẹ lo kànrìnkàn rírọ̀ tó tutù díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ gidi, kí ẹ nù ún wò lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú. Tí ìlà náà bá ti dín kù débi pé ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kò rí i mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yẹra fún etí ilẹ̀kùn àti ibi tí bọ́dì ti ṣẹ́ po, torí ibẹ̀ ni kílíà ti máa ń tètè jẹ tán. Sánpépà, rárá. Hóró tó wà lórí sánpépà 2000 tóbi tó bíi 10 máíkírónì. Ti 400 tóbi tó 35, ìyẹn gbogbo ìnípọn kílíà lára mọ́tò míì. Mo ti rí i tí ọmọṣẹ́ kan ń fi 400 yọ ọ̀dà dáńfó. Ó yọ ọ́ lóòótọ́.

Ẹni tí mo ní kí ẹ rántí dà? Òun nìyí, nínú gòsíló, pẹ̀lú ìgò kékeré àti ràgì kan. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti fín nǹkan sí ara mọ́tò yín, ó nù ún, ìlà sì ti lọ! Ẹ sanwó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà òjò rọ̀, ìlà padà wá. Epo tàbí wáàsì ló fi kún ibi tó họ yẹn, ohun tí omi ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣe, àfi pé tiẹ̀ tún dára ju omi lọ, torí pé epo ń darí ìmọ́lẹ̀ bíi ti kílíà gan-an. Mi ò pè é ní olè. Wáàsì dára, ó ń dáàbò bo ọ̀dà. Àmọ́ ìpara ló tà fún yín, kì í ṣe ìwòsàn, ó sì yẹ kí iye tí ẹ san jẹ́ ti ìpara.

Àwọn kan á ní, "Tí a ò bá tètè kùn ún, irin á dógùn-ún." Ó rí bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ irin ló ṣí sílẹ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń ṣe ìdógùn-ún, iyọ̀ sì ń mú un yá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lẹ́kí tàbí Badagry, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí, kí ẹ má fi ojú irin tó ṣí sílẹ̀ ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n ibi tí kílíà nìkan ti họ kò lè dógùn-ún, torí ìpele mẹ́ta ṣì wà láàárín irin àti òjò. Bọ́ńpà ńkọ́? Ike ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní. Ẹ bó gbogbo ọ̀dà rẹ̀ láti òní títí di ọdún mẹ́wàá, kò ní dógùn-ún, ó kàn máa burẹ́wà ni. Síbẹ̀ bọ́ńpà ni mo máa ń rí jù níbi tí wọ́n ti ń kùn ún ní kánjúkánjú.

Ohun kan tún wà tí a kì í sọ. Hádínà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ìsosáyánéètì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tó ń fa ikọ́ fée fún àwọn òṣìṣẹ́ ni, tó bá sì ti mú èèyàn, ìwọ̀nba kékeré lè máa ta á jí. Ẹni tó ń fẹ́ ọ̀dà yẹn yẹ kó wọ ìbòmú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń wọlé sí láti ibòmíì. Kí lẹ̀ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi áńkáṣíìfù di imú, áńkáṣíìfù tí oru kẹ́míkà ń gbà kọjá bí ẹni wọlé bàbá rẹ̀. Mi ò ní kí iṣẹ́ pẹ́ńtà kú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń bọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀kùn tí kò yẹ kí wọ́n kùn tí wọ́n kùn, ọmọ yẹn ló ń fi ẹ̀dọ̀fóró gbà á. Tí ẹ bá gbé iṣẹ́ gidi lọ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹ ra ìbòmú tó ní fílítà kún un. Fílítà kò tó fún ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, àmọ́ ó sàn ju áńkáṣíìfù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbèrò àtita mọ́tò lọ́jọ́ kan, ẹ bi àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ léèrè. Ọ̀rọ̀ tó ń fi owó lé ọjà wọn ni "first body", ìyẹn mọ́tò tí wọn ò tíì tún kùn rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rà máa ń fi ọwọ́ kan bọ́dì, wọ́n á fi ìka kàn án gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n láti gbọ́ ibi tí pọ́tì wà, wọ́n á fojú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ bíntín sí èkejì, ó ti tó kí oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé ṣé mọ́tò yìí ò tíì dojú dé rí. Ẹ lè máa búra pé dáńfó ló ha á, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo gbà pé mọ́tò tó ní ìlà tín-ín-rín mẹ́ta lára ọ̀dà ilé iṣẹ́ níyì ju èyí tó ń dán yanran lábẹ́ ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Ẹni tí kò bá gbà, ó wà ní ìta gbangba láti sọ tirẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé dandan ni, tí irin ti ṣí sílẹ̀, ibi tó fara pa nìkan ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lórí Toyota, ẹ máa rí àlẹ̀mọ́ kékeré kan tí wọ́n kọ C/TR sí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e ni orúkọ àwọ̀ mọ́tò yín gan-an: 040 ni funfun kan, 1F7 ni sílífà kan, 202 ni dúdú. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín lónìí. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó ń po ọ̀dà lè po ìgò kékeré fún yín, tí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kán sí ojú ibi tó bó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín. Kò ní dára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi ò ní rí irin mọ́. Tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, ẹ gbé e lọ, kí ẹ fún pẹ́ńtà ní nọ́ńbà yẹn kó má bàa fi ojú díwọ̀n àwọ̀, kí ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń fi sánpépà ha á, kí ẹ sì sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, pé kó má fọwọ́ kan fẹ́ńdà.